Ẹni Tó Mú Mi Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Ọ̀pẹ Làgbé

Bàbá Akànbí, ọ̀gá mi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ Làgbé. Orí ẹní ni mo wà, wọ́n ti fi àdín pa mí lára, ojú mi wú débi pé n kò rí ọmọ ènìyàn. Ó jókòó tì mí, ó ní: "Àjàní, èmi ni mo gùn ún wá bá ọ." Ó dìde, ó jáde. Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ ṣe ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, n kò wo inú àwo kí n tó gbé e mì. Òun ni mo fi ṣayé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí irùngbọ̀n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìgòlò, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, bóyá kí ẹ gun alùpùpù èrò tí a ń pè ní sẹ́mìjàn, bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, bóyá kí ẹ padà sí lekọ́ọ̀lù, ìyẹn ilé ìwé, àwọn bàbá yín ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ tèmi fún yín. Ó dáa. Akọ̀pẹ ni mí. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ìtàn iṣẹ́ mi kí n má sọ ti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ẹni tó ṣì wà láàyè, tó ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìfọ̀nyìn yìí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Ìtìjú wà nínú ìtàn náà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fọwọ́ kó ẹyìn kí ẹ̀gún má gún un.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi kú, kò sẹ́ni tí yóò ra ìwé fún mi mọ́, wọ́n mú mi fún Bàbá Akànbí, àbúrò Ìyá Àgbà, pé kó kọ́ mi ní ọ̀pẹ. Ti owó ńkọ́? Akọ̀pẹ kì í lówó, ebi kì í sì í pa á. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Bàbá Akànbí le. Bó bá wúkọ́ lẹ́yìn ilé, èmi tí mo jókòó nínú yàrá á dìde dúró. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi ń hun igbà, okùn tí akọ̀pẹ fi ń ká ara rẹ̀ mọ́ igi, kó tó jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan ọ̀pẹ. Bí mo bá hun ún tán, á gbà á, á fà á, á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á sì tú u ká.

"Tún un hun."

"Bàbá, kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ lo máa fẹ̀yìn tì í lókè. Ṣé orí 'kò ṣe nǹkan kan' lo fẹ́ fẹ̀yìn tì?"

Nígbà tó wá gbà kí n gùn, ọ̀pẹ tí ewúrẹ́ lè na ọrùn jẹ ewé rẹ̀ ni ó fi mí sí. Ó dúró nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bá mi lẹ́sẹ̀. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ síbi tí kò yẹ, kì í pariwo. Ìka méjì ni yóò fi gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀: pọ́-pọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbé e kúrò níbẹ̀, wá ibòmíràn. Á ní: "Ẹsẹ̀ ló ń gun ọ̀pẹ. Ọwọ́ kàn ń bá a lọ wòran ni." Pọ́-pọ́ yẹn wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi fi ń sún lójú oorun. Ọmọ ìyá mi tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà a máa bú mi pé mò ń gun òun.

Ìyá Àgbà a máa tẹ̀ lé wa lọ sóko láti ṣa ẹyìn tó bá fọ́n sílẹ̀. Àṣàbí ni oríkì rẹ̀. Bó bá ti gbé agbọ̀n kalẹ̀, á gbé ojú sókè, á wò mí, á bú sẹ́rìn-ín.

"Àjàní! Ṣé ọ̀pẹ ni ìyàwó rẹ ni? Kí lo ń gbá a mọ́ra fún? Fẹ̀yìn ti igbà, kí ó gbé ọ dúró."

Inú mi a máa ru. Kí ni obìnrin mọ̀ nínú ọ̀pẹ? Ní agboolé wa, obìnrin kì í fọwọ́ kan igbà. Bó bá ṣèèṣì dá igbà kọjá, iná ni wọ́n ń sọ igbà náà sí. Bí obìnrin bá wá lọ gun ọ̀pẹ gan-an, àwọn àgbà ní ọ̀pẹ náà yóò yàgàn, gígé ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé e. Mo bá wo ojú Bàbá Akànbí, mo rò pé yóò lé e lọ. Kò lé e.

"Ṣe ohun tó wí," ló sọ fún mi.

Mo gbà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bọ̀wọ̀ fún.

Ìyá Àgbà ti dàgbà lójú mi nígbà yẹn, àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sinmi, òun ló máa ń sọ bí ayé ṣe rí kí ọ̀dà tó dé ojú ọ̀nà. Ó ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ epo nígbà tí òun jẹ́ ọmọge, nínú kòtò tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́. Àwọn obìnrin á di ara wọn léjìká mú, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, epo gbígbóná á kàn wọ́n dé orúnkún. Orí ló fi ru ìkòkò epo lọ sí Àjàṣẹ́. Bó bá délé, ọrùn rẹ̀ a wọlé bí ti alábahun, ó ní ọjọ́ kejì ló máa ń yọ padà. Ìdí-Ìrókò, ó ní, kò ju ibi tí aláàárù ti ń sọ ẹrù láti sinmi. Kò sí igi tí wọ́n dábùú ọ̀nà, kò sí dúwáànì, àwọn aṣọ́bodè. Bí wọ́n bá sebẹ̀ nílé wa, wọ́n á bù díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lápá ọ̀hún, ọbẹ̀ náà kò ní tíì tutù tó fi máa débẹ̀.

"A kàn jí lọ́jọ́ kan ni," ló wí, "wọ́n ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti di ìlú òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ilé náà kò kúrò lójú kan o. Mo lọ wò ó."

Ẹ jẹ́ kí n wá dé Làgbé.

Ọ̀pẹ ìdílé wa kan wà níbẹ̀ tí gbogbo akọ̀pẹ mọ̀. Ó ga débi pé bí ènìyàn bá wo orí rẹ̀, fìlà á jábọ́. Mo ti ń gun ọ̀pẹ fún ìgbà díẹ̀, mo ti ń rò pé mo mọ nǹkan. Mo bẹ Bàbá Akànbí títí ó fi gbà kí n gùn ún. Àwa mẹ́ta la lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti òun, pẹ̀lú Ìyá Àgbà tó gbé agbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Mo gùn ún dáadáa. Mo dé òkè, mo fẹ̀yìn ti igbà, mo yọ àdá, mo ṣá imọ̀ kan. N kò mọ̀ pé oyin ti kọ́lé sábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rántí ni ariwo, bí ẹni pé wọ́n ń yan àgbàdo nínú etí mi. Àdá bọ́. Mo fi ọwọ́ bojú, ó ti pẹ́ jù, ìpéǹpéjú mi ti wú pàdé ara wọn. Mo dì mọ́ ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ti ń kọ̀ fún mi láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Mo ké pe Bàbá Akànbí. N kò gbọ́ ìdáhùn. Mo pè é títí oyin fi wọ ẹnu mi.

N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó wá sí mi lọ́kàn pé bí mo bá tú igbà, ilẹ̀ yóò gbà mí, gbogbo rẹ̀ yóò sì parí. Ọwọ́ mi ti ń wá kókó okùn náà kiri. Ìgbà yẹn ni mo gbóòórùn èéfín ihá, ihá ẹyìn tí wọ́n tanná sí. Ariwo oyin dínkù. Lẹ́yìn náà, ìka méjì gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀.

Pọ́-pọ́.

Ẹkún bú jáde lẹ́nu mi. Ọ̀gá mi dé! Kò sọ̀rọ̀, mo ní aṣọ ló fi bo ẹnu nítorí oyin. Ó wà nísàlẹ̀ mi nínú igbà tirẹ̀. Bó bá gbá ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo sún un wálẹ̀. Bó bá gbá tòsì, mo sún un wálẹ̀. Bí mo bá tẹ ibi tó ń yọ̀, pọ́-pọ́, mo gbé e kúrò. Ìka náà le bí irin. Báyìí la ṣe ń bọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kan koríko. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́ títí mo fi jí lórí ẹní, tí Bàbá Akànbí sì wá sọ ohun tó sọ.

Kí ojú mi tó là, ìròyìn ti kárí Ìfọ̀nyìn. Àwọn obìnrin ti dá orin sílẹ̀ nídìí epo:

Akànbí wọnú oyin, ó mú ọmọ bọ̀,
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wá wo ọkùnrin!

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ríran, mo rí i pé ọwọ́ Ìyá Àgbà wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà wú. Wọ́n ní ìdí ọ̀pẹ ni oyin ti bá a. Mo kí i kú ìrora. Ó ní kí n má dààmú, pé oyin kò mọ àgbà.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo rí tí n kò rí. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, Bàbá Akànbí á dìde, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Mo ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Epo tó bá kọ́kọ́ jáde lọ́dún, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á kúnlẹ̀ gbé e fún un, ọkùnrin tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni, ọmọ ìyá kò jọ alájọbí lásán. Ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Bọ́n, ó dáa, mo gba òmìnira, mo di ọ̀gá. Láti Kò-Kúmọlú dé Làgbé, bí wọ́n bá ní ọ̀pẹ kan ṣòro, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. "Ọmọ Akànbí," wọ́n á ní, "ọmọ ẹni tó wọnú oyin." Orúkọ yẹn ló ń wá iṣẹ́ fún mi. Mo sì kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ń sọ ìtàn oyin fún un, mi ò ní yọ ìka tó le bí irin sílẹ̀, kó lè mọ irú ilé tí òun wọ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Igbà ọ̀rá dé láti Nàìjíríà, ó fúyẹ́, òjò kì í bà á jẹ́. Mo mú un fún Bàbá Akànbí. Ó fi imú sí i títí. "Kò ní òórùn," ló wí. "Báwo lo ṣe máa mọ̀ bó bá ti rẹ̀ ẹ́?" Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti fún epo dé, ti ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e. Àwọn kan nínú wa ń dárò pé adùn epo àtẹsẹ̀tẹ̀ ti lọ. Ìyá Àgbà gbọ́, ó ní: "Ẹ̀yin tí ẹ ń dárò adùn rẹ̀ yìí, ta ni nínú yín lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó nínú kòtò rí? Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ n gbádùn."

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Èmi tí mo kéré sí i ni mo ń sunkún ayé àtijọ́. Nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká dé, òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n ra méjì fún òun, ọ̀kan ti ìhín, ọ̀kan ti ọ̀hún, kí òun lè máa bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Ìdí-Ìrókò sọ̀rọ̀. "Ilé wọn ti padà sílé," ló wí.

Ohun tó pa iṣẹ́ wa kò ju méjì lọ. Ọ̀pẹ kúkúrú tí ìjọba mú wá ni àkọ́kọ́. Ènìyàn á dúró nílẹ̀, á fi dòjé tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn fa ẹyìn wálẹ̀, kò ní lo igbà. Ìkejì ni sọ́dábì, ògógóró ìlú wa. Àwọn tó ń pọn ọtí náà máa ń gé ọ̀pẹ gíga lulẹ̀ ni, wọ́n á jẹ́ kí ó sùn sílẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò sí i lára, ẹmu rẹ̀ á máa sun títí á fi gbẹ. Igi tó ti bọ́ bàbá àti ọmọ, wọ́n á mu ún tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n gé ọ̀pẹ Làgbé náà. Láti ọjọ́ oyin títí di ọjọ́ tí wọ́n gé e, kò sí ọdún kan tí kò so. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú fún mi. Wọ́n bu díẹ̀ nínú sọ́dábì rẹ̀ wá fún Ìyá Àgbà. Ó mu ún, ó fún ojú pọ̀, ó ní: "Igi yìí kò jẹ́ ṣe jẹ́jẹ́ rí."

Nígbà tí Bàbá Akànbí kú, èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òkú rẹ̀. Mo sọ ìtàn oyin. Mo sọ ọ́ bí n kò ṣe sọ ọ́ rí. Àwọn ọkùnrin ń nu ojú. Àwọn obìnrin gbé orin wọn. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà tó jókòó síwájú òkú àbúrò rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní: "O sọ ọ́ dáadáa."

Orí mi wú. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn fún ìgbà pípẹ́.

Ó wá di ìgbà òjò tó kọjá yìí. Orúnkún mi ti kọ iṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti lọ sí Ìgòlò, wọ́n ń gun sẹ́mìjàn. Ìyá Àgbà kò lè dá dìde mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn tí ìbá kà á fún wa, òun ló sin wọ́n. Èmi ni mo ń gbé e dìde lórí ẹní láàárọ̀, tí mo ń gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ti dà sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, mo ti ẹsẹ̀ bọ etí ẹní, ibi tó ń yọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nítòsí ẹsẹ̀ mi. Ó fi ìka méjì gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀.

Pọ́-pọ́.

Mo ti gbé ẹsẹ̀ náà kúrò kí n tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ara mi tutù.

"Ìyá," mo ní, "ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?"

"Èwo?"

"Èyí tí ẹ ṣe sí mi lẹ́sẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́ omi ní ṣíṣàn. "Kọ́ mi kẹ̀? Bàbá mi ni. Ta lo rò pé ó kọ́ Akànbí?"

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà. Ó ní òun ni bàbá àwọn kọ́kọ́ bí, kò sì tètè rí ọmọkùnrin. Òun ló ń mú lọ sóko, òun ló ń gbé sórí ọ̀pẹ, títí òun fi yọ ọmú, tí àwọn àgbà agboolé sì gbọ́. Bàbá náà sun igbà òun níná lójú òun. Nígbà tí Akànbí wá tó kọ́, bàbá àwọn ti darúgbó, kò ríran mọ́. Nínú oko tí ojú ènìyàn kò tó, òun ló dúró nídìí ọ̀pẹ, tí òun ń gbá Akànbí lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè èyí tó kù. Mo béèrè.

"Ní Làgbé ńkọ́?"

"Gbé mi dìde ná. Ìdí ń dùn mí."

Mo gbé e. Mo gbé e kalẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, mo fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

"Akànbí fẹ́ gùn ún. Má ṣe rò ó pé kò fẹ́. Ó mú igbà, ọwọ́ rẹ̀ kò lè so ó. Ó ń sunkún pe orúkọ rẹ, oyin kò jẹ́ kí o gbọ́. Mo gba igbà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kó sọ pé òun ni!"

"Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni kó sọ? Kó ní obìnrin gun ọ̀pẹ ìdílé, kí wọ́n lọ gé e? Kí àwọn ọmọ Ìfọ̀nyìn máa kọrin tẹ̀ lé ọ lọ́jà pé ìyá bàbá rẹ ló lọ gbé ọ lókè? Ta ni yóò pè ọ́ wá kọ ọ̀pẹ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ọkùnrin wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀. Ẹnu tèmi ni mo rí pa dé."

"Ẹ jókòó, ẹ ń gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nílé òkú Bàbá, ẹ gbọ́ ọ."

"O sì sọ ọ́ dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín, eyín kan péré ló kù fún un. "Mo fẹ́ràn ibi tí o ti máa ń sọ pé ìka náà le bí irin. Bí o bá débẹ̀, mo máa ń wo ìka mi."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Gbogbo ọ̀pẹ tí mo gùn, gbogbo ọmọ tí mo kọ́, gbogbo "ọmọ Akànbí" tí wọ́n fi kí mi, orí ìdákẹ́ obìnrin yìí ni mo tò ó sí. Bẹ́ẹ̀ ìgbà gbogbo tí ó bá bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ni obìnrin mọ̀.

"Ìyá, ṣé kí n sọ ọ́ báyìí? Fún gbogbo ilé?"

"Ẹnu rẹ ni, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n bí o bá máa sọ ọ́, má jẹ́ kó pẹ́. Etí ọ̀tún ti lọ. Tòsì ló kù."

Ẹ ti gbọ́ ohun tó fẹ́. Kò fẹ́ orin, kò fẹ́ ijó. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí etí tó kù tó lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ pé jọ láti dúpẹ́ ẹ̀mí gígùn rẹ̀. Wọ́n ta tapólì, wọ́n gbé àga, Lèmọ́mù gbàdúrà, kátékísì náà gbàdúrà tirẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, tọ́ńtọ̀n ló ń pe ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀, òun ló mú míkírò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Tọ́ńtọ̀n Àjàní! Tọ́ńtọ̀n, ẹ sọ ti oyin fún wa. Àwọn ọmọ tí a bí sílùú kò tíì gbọ́ ọ."

Ó ki míkírò bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo dìde. Mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà òjò, mo ti sọ ọ́ fún ara mi nínú oko, mo ti sọ ọ́ fún ewúrẹ́. Àwọn ọmọ Bàbá Akànbí jókòó síwájú, àkọ́bí wọn jọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló jókòó. Àwọn obìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n ń dúró de orin wọn. Ìyá Àgbà wà lórí àga rẹ̀. Ó rọra yí orí, ó da etí òsì sọ́dọ̀ mi.

Mo lanu. Ohun tó jáde ni: "Bàbá Akànbí, ọ̀gá mi..."

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Mo sọ ti ariwo oyin, mo sọ ti èéfín, mo dé ibi ìka tó le bí irin. N kò lè wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe bá mi wá àwíjàre pé nítorí àwọn ọmọ Bàbá Akànbí ni. Nígbà tí mo gba míkírò, ẹ̀rín ni mo gbọ́ nínú orí mi, ẹ̀rín yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìgòlò: "Ẹ wo akọ̀pẹ tí obìnrin lọ gbé lókè!" Orúkọ mi ni mo dì mú. Mo dì mọ́ ọn bí mo ṣe dì mọ́ ọ̀pẹ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé orin. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ń wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "O sọ ọ́ dáadáa, Àjàní," ló wí. Ó sì yí etí òsì padà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé e dìde láàárọ̀, ó ń dá mi lóhùn bí ó ti ń dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀. Ó ń bi mí bí orúnkún ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí kò yẹ, kò gbá mi mọ́. Ó ń jẹ́ kí n fúnra mi rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n gbà yín níyànjú lórí iṣẹ́, bí ẹ bá ti rí ọ̀gá tó wù yín, ẹ lọ béèrè ẹni tó kọ́ ọ̀gá náà. Ìmọ̀ràn tí mo ní nìyẹn. Èyí tó kù, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ síhìn-ín, nítorí pé ìwé kì í wo ènìyàn lójú. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń yẹ̀, abẹ́ máńgòrò ló máa ń wà, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè agboolé akọ̀pẹ ní Ìfọ̀nyìn, wọ́n á júwe rẹ̀ fún un. Ta ni nínú yín yóò lọ jókòó sí apá òsì rẹ̀, kí ó kà á sí i létí kó tó pẹ́ jù?